Ènì Lọ́jà Sátidé

Ọkùnrin náà ti gbá ọrùn-ọwọ́ ìyá àgbà mú kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Tàtàṣé pupa kan wà láàárín ìka wọn, ó ń dán bí ohun tí wọ́n fi epo pa. Ọkọ̀ akẹ́rù tó fi kó ẹ̀fọ́ wá láti Michigan ṣì ń kùn lẹ́yìn rẹ̀, èéfín rẹ̀ sì ti dà pọ̀ mọ́ òórùn èso píìṣì tó ti pọ́n jù.

"Kò tíì sanwó eléyìí," ó sọ fún mi. Èmi ló kọjú sí, nítorí èmi ni mo ń gbọ́ èdè rẹ̀.

Ìyá àgbà bi mí pé kí ló wí. Mo sọ fún wọn. Wọ́n wò mí, wọ́n wò ó.

"Bi í léèrè pé ta ló ń sanwó ènì."

Láàárín ọdún 1980 sí 1990 ni, ní Chatham, ní ìhà gúúsù Chicago. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ọjà náà: láàárọ̀ Sátidé, àwọn àgbẹ̀ á wá to tábìlì sí ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì kan, tó bá di ọ̀sán wọ́n á ti palẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì ni màmá mi, iṣẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n lè lọ, torí náà èmi ni mo ń mú ìyá wọn lọ. Ìyá àgbà wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti bá wa tọ́jú ọmọ tuntun. Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ràn nílùú náà tó ọjà yẹn. Wọ́n á tẹ tòmátì wò, wọ́n á gbóòórùn ẹ̀fọ́, wọ́n á kí gbogbo ọlọ́jà pé ẹ kú ọjà, àwọn yẹn á sì juwọ́ sí wọn.

Ọkàn màmá mi kì í balẹ̀. Físà ìyá àgbà ti ń tán lọ, a ti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sún un síwájú, a sì ń retí èsì. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́, màmá mi á ní: "Keep your eye on Màmá, o. Mi ò fẹ́ wàhálà kankan with police. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ báyìí, wọ́n á ní kí Màmá máa lọ sílé ni."

Nítorí náà, nígbà tí mo rí i tí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ màmá mi ni mo rántí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le. Ìyá àgbà ti sanwó, wọ́n ti gba ọjà, wọ́n sì dúró kí ọkùnrin náà fi nǹkan lé e, bí ọlọ́jà tó bá fẹ́ kí o padà wá ṣe ń ṣe. Ó ti kọjú sí ẹlòmíì. Wọ́n rò pé ó gbàgbé ni. Wọ́n mú tàtàṣé kan, wọ́n nà án sókè kó lè rí i, wọ́n ní, "Ènì mi rè é o."

Aládùúgbò wa kan, ìyá aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà kan tó tò sẹ́yìn wa, ló gbà wá. Nígbà tí iṣẹ́ ìròyìn ti di oúnjẹ òòjọ́ mi, mo lọ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà. "Mo gbọ́ ìbéèrè tí o bá ìyá yẹn túmọ̀. Mo ní kó yọwọ́ lára wọn. Mo ní ní Louisiana tí wọ́n bí mi sí, ìyá mi kì í kúrò nídìí tábìlì láì jẹ́ pé ọlọ́jà fi nǹkan kún un. Mo ṣe bí akin, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Ojú rẹ ni mo ń wò. Mo rò pé o máa dákú."

Ọlọ́pàá náà yí padà. Ọlọ́jà náà tú ọwọ́ sílẹ̀, ó ní òun ò mọ̀. Ìyá àgbà dá tàtàṣé náà padà, wọ́n sì da gbogbo ohun tó wà nínú àpò wọn lé tábìlì. "Ẹni tó fi ojú olè wò mí, mi ò lè fi ata rẹ̀ sebẹ̀ lónìí."

Nígbà tí màmá mi gbọ́, wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára, wọ́n ní ọjà ti parí. Ìyá àgbà ní kò parí. "Tí mi ò bá lọ mọ́, á dá ọkùnrin yẹn lójú pé mo jí i. Olè ló ń sá fún ọjà." Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bí tẹlifóònù bá ti dún, mo máa ń rò pé àwọn tó fẹ́ wá mú ìyá àgbà ni.

Sátidé dé, a lọ. Tábìlì kan náà ni. Ìyá àgbà káwọ́ sẹ́yìn, ẹnu ni wọ́n fi ń júwe ata, èmi ni mo ń ṣà á. Ọkùnrin náà wọ̀n ọ́n, mo sanwó, mo yíjú padà kíákíá. Ìyá àgbà ò kúrò. Wọ́n ya ẹnu àpò wọn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, wọ́n sì dúró. Èrò ń pọ̀ lẹ́yìn wa. Ọlọ́pàá náà ń wò wá. Mo fa kóòtù wọn, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ."

Ọkùnrin náà wo àpò, ó wo ojú wọn. Ó mú tàtàṣé kékeré kan, ó jù ú sínú rẹ̀.

"O ṣé. Ọjà á tà," ni wọ́n wí. Nígbà tí a ń rìn lọ, wọ́n sọ fún mi pé, "Ọwọ́ ẹ̀ ló yẹ kó ti wá. Ibi tí mo ti ṣì í nìyẹn."

Èsì físà náà dé, wọ́n fún ìyá àgbà lóṣù díẹ̀ sí i, wọ́n sì padà sílé kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀.

Títí dòní, tí mo bá dé ìdí tábìlì àgbẹ̀, ibi tí ọlọ́jà ti lè rí ọwọ́ mi méjèèjì ni mo máa ń fi wọ́n sí. Ẹ̀rù yẹn kò kúrò lára mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti sanwó tán, mo máa ń ya ẹnu àpò, mo sì máa ń dúró. Wọ́n á bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ nǹkan. Mo máa ń ní rárá. N kì í tètè lọ.