Ẹgba Kan fún Ìlà Pupa Kan

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kúrú. Mi ò fi bú u o. Bó bá jókòó sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ẹni tó wọlé á rò pé ẹ̀rọ náà ló ń dá sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lọ láti ilé-ìwé dé ilé-ìwé, kó máa kọ́ àwọn olùkọ́ bí wọ́n ṣe ń mú ọmọ kúrò lórí búlọ́ọ̀kù aláràbarà tí wọ́n ń fi máòsì tò pọ̀ lójú ẹ̀rọ láti pàṣẹ fún un, lọ sórí kóòdù, àṣẹ kan náà tí wọ́n ń tẹ̀ ní lẹ́tà-lẹ́tà. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ìyá Búlọ́ọ̀kù. Ó ní òun á gbá mi létí. Kò tíì rí mi mú.

Búlọ́ọ̀kù lápá òsì, kóòdù tó bá a mu lápá ọ̀tún, kí ọmọ máa wo méjèèjì títí yóò fi fúnra rẹ̀ pa búlọ́ọ̀kù tì: ọ̀nà tirẹ̀ nìyẹn. Ó ní a kì í já ọmọ lẹ́nu ọmú lọ́jọ́ kan.

Olùkọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Kọmándà ò gbà. Ọjọ́ tí sáà bẹ̀rẹ̀ ló ti pa gbogbo búlọ́ọ̀kù rẹ́ lórí àwọn ẹ̀rọ, ó ní eré ọmọdé ti tán. Bí ọmọ bá gbàgbé àmì kan, tí ìlà pupa tó ń fi àṣìṣe hàn yọ lójú ẹ̀rọ, ẹgba kan ní ọwọ́. Ẹ wo ọgbọ́n Kọmándà: ọwọ́ tó wú ò lè tẹ bọ́tìnnì tó tọ́, nítorí náà àṣìṣe ń bí àṣìṣe. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi débẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ kíbọ́ọ̀dù.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbé ẹgba yẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ ọmọ ọlọ́mọ di aláàbọ̀ ara."

"Mádáàmù, nínà ni wọ́n fi kọ́ èmi náà."

"Kí ni wọ́n wá kọ́ yín? Ẹ jókòó, ẹ tẹ ìlà díẹ̀ ká wò ó."

Kò jókòó. Òógùn bò ó. Ìgbà yẹn ló yé ẹ̀gbọ́n mi pé ọkùnrin náà ò mọ kóòdù rárá. Inú ìwé ló ti ń dà á kọ sójú pátákó. Ẹ̀rù tó ń bà á ló ń na àwọn ọmọ náà.

Lọ́jọ́ kejì, ẹgba kán ọmọbìnrin kan níka. Bàbá rẹ̀, wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀, ò wá ọ̀gá ilé-ìwé lọ. Ó gbé páìpù irin, ó kọjá sí yàrá kọ̀ǹpútà.

"Ìwọ lò ń kán ọmọ níka?"

Páìpù kọ́kọ́ fọ́ ojú ẹ̀rọ kan. Àwọn ọmọ ya wọ abẹ́ tábìlì. Lẹ́yìn náà ó ba Kọmándà léjìká, Kọmándà ṣubú, ètè rẹ̀ là mọ́ etí àga. Wẹ́dà tún gbé páìpù sókè, ó fojú sun orí Kọmándà. Ẹ̀gbọ́n mi, akúrú bíi bọ́tìnnì, tó ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kó sáàárín, ó na apá. Apá náà dún bí igi gbígbẹ tó kán.

Páìpù bọ́ lọ́wọ́ wẹ́dà. "Mádáàmù, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo fẹ́ lù."

"Mo mọ̀," ó wí, ó fún eyín pọ̀. "Bí Kọmándà náà ṣe ń lu ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́ nìyẹn."

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi padà sí ilé-ìwé náà, símẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi di egungun tó kán wà lápá rẹ̀, èmi ni mo gbé báàgì. Kò lè tẹ nǹkan kan.

"Kọmándà, ẹ̀yin lẹ máa tẹ kóòdù náà."

"Níwájú àwọn ọmọ?"

"Ṣé níwájú ìyá yín ni?"

Ó jókòó pẹ̀lú ètè tí wọ́n rán. Ó tẹ̀ ẹ́. Ìlà pupa yọ. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, gbogbo ọmọ tó wà ní yàrá náà fi ọwọ́ wọn pamọ́ sábẹ́ tábìlì. Ọmọ wẹ́dà ò sí níbẹ̀. Wọ́n ti mú un lọ ilé-ìwé mìíràn.

Kọmándà wo àwọn tábìlì náà títí.

"Èmi ni mo ṣì í," ó wí. "Kì í ṣe ẹ̀yin."

Kò sí ọwọ́ kankan tó jáde. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ gan-an. "Mádáàmù, báwo ni mo ṣe máa dá búlọ́ọ̀kù padà?"

Ẹ̀gbọ́n mi fi hàn án. Búlọ́ọ̀kù yọ lápá òsì, Kọmándà ń wo wọ́n, ó ń fi ìka kan tẹ kóòdù lápá ọ̀tún, ó ń ṣì, ó ń tún un ṣe.

Ó pẹ́ kí ọwọ́ àkọ́kọ́ tó jáde.