Àgbélébùú Tí Tíṣà Akínlẹ́yẹ Fi Ṣọ́ọ̀kì Yà

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa ní Akówonjo tí ẹ béèrè Tíṣà Akínlẹ́yẹ, ẹni tí ẹ bá kọ́kọ́ bi ló máa mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni, ó ga, ó tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ sì máa ń dún dé òpópónà. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gírámà Gẹ̀ẹ́sì, kì í sì í fi pàṣán kọ́ wọn. Àga ló fi ń kọ́ wọn.

Yóò gbé àga kan síwájú kíláàsì. Ọmọ tó bá jẹ́ náùn ló ń jókòó sí i, nítorí pé náùn ni orúkọ ènìyàn, orúkọ ibi àti orúkọ nǹkan. Fáàbù kò gbọ́dọ̀ jókòó ní tirẹ̀, kó máa fò ni, kó máa sáré, torí iṣẹ́ ló bá wá. Ajẹtífù á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ náùn, á máa pọ́n ọn lé pé ó ga, ó pọ́n, ó lẹ́wà. Púrónáùn á wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí náùn bá jáde lọ tọ̀, á sáré wọlé wá bá a jókòó dè é. Nígbà náà ni Tíṣà á bi wọ́n pé, "Bí púrónáùn bá jókòó, tí náùn ò wá mọ́ ńkọ́?" Àwọn ọmọ á pariwo pé, "A ò ní mọ ẹni tí wọ́n ń sọ, sà!" Gbogbo wọn á wá bú sẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, Tíṣà jókòó ti ògì gbígbóná. Ó fẹ́ ní kí Títílọpẹ́ ìyàwó rẹ̀ bá òun mú ṣíbí. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà kò sí níbẹ̀. Ó mọ nǹkan ọ̀hún, ó tilẹ̀ ń rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti lọ.

"Gbé e wá," ó wí. "Gbé e... mo fẹ́ fi mu ún."

"Kí ni kí n gbé wá, Bàbá Miriam?" Ìyàwó rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti ń darúgbó nìyẹn o jàre."

Ó fẹ́ pè é lórúkọ kó lè mọ̀ pé òun kò ṣeré. Orúkọ tó ti ń pè láti ìgbà èwe àwọn méjèèjì, kò rí i. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Tíṣà wo ilé títí, kò rí orúkọ kankan níbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wá wúwo bí ọwọ́ tí ènìyàn fi orí lé sùn. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: àwọn fáàbù ń fò káàkiri inú orí rẹ̀, púrónáùn wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n àga ti ṣófo. Irú àìsàn yìí ló mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìjerò nígbà kan. Wọ́n tètè gbé ìyẹn dé ilé ìwòsàn, ó sì tún sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá lè gbé òun náà lọ kí ọjọ́ tó rọ̀, òun náà á tún sọ̀rọ̀.

"Gbé mi lọ," ó wí. "Gbé mi lọ síbẹ̀. Wọ́n á wò mí. Má dúró!"

Síbẹ̀ ibo? Ibì kan ṣoṣo ni ọkàn Títílọpẹ́ lọ. Aláṣọ funfun ni wọ́n, ilé àdúrà wọn kò jìnnà sí ibùdókọ̀ Pleasure. Aríran ìjọ náà ti kú láti èṣí, Wòlíì Olúsànyà sì ti sọ ìran kan pé láàárín àwọn ọkùnrin tó ń jókòó lẹ́yìn, Ẹ̀mí yóò la ẹnu ọ̀kan. Ẹ̀yìn pátápátá ni Tíṣà máa ń jókòó. Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó rẹ̀ ti ń gbààwẹ̀ kó lè jẹ́ ọkọ òun. Kì í ṣe obìnrin burúkú o. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Ó pe kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ilé àdúrà. Bí Tíṣà ṣe rí ibi tí wọ́n gbé òun wá, ó figbe ta.

"Ẹ gbé mi lọ! Ó ń lọ! Gbogbo rẹ̀ ń lọ, ẹ má dúró!"

"Halelúyà!" ni ìjọ dáhùn.

Wòlíì Olúsànyà lu agogo. "Ẹ gbọ́ ohun tí Ẹ̀mí ń wí! Ó ń lọ: ìpọ́njú àgbègbè Alímọ̀ṣọ́ wa ń lọ! Ẹ má dúró: ẹ má dúró nínú àdúrà!"

"Rárá!" ni Tíṣà wí. "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹ gbọ́ mi!"

"A ń gbọ́ yín, Bàbá!" ni wọ́n wí, ẹkún ayọ̀ sì ń gbọ̀n wọ́n.

Ẹnu ẹni la fi ń kọ "mi ò jẹ". Ẹnu Tíṣà wà lójú rẹ̀, kò rí i fi kọ nǹkan kan.

Ó wá rántí pé tíṣà ni òun. Ṣọ́ọ̀kì kì í wọ́n nínú àpò rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì yọ ọ́, ó kúnlẹ̀, ó fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà kò wá. Ìgbà náà ló rántí àmì tó wà lára géètì ilé ìwòsàn ní ojú ọ̀nà Ìpájà. Ó yà á gàdàgbà sórí sìmẹ́ǹtì: ìlà kan lóòró, ìkan níbùú. Ó na ọwọ́ sójú títì.

"Síbẹ̀!" ó wí. Ó gbójú sókè, ìrètí sì kún inú rẹ̀. Ta ni kò ní mọ àmì yìí nínú ẹni tó ti gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ rí?

Gbogbo ìjọ dojúbolẹ̀ níwájú àgbélébùú náà. Títílọpẹ́ ló kọ́kọ́ wólẹ̀, tó ń fi omijé dúpẹ́. Tíṣà kò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó báyẹn rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn.

Wọ́n gbé e sórí àga funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Àwọn ènìyàn ń ti Ẹgbẹ́dá àti Ìkọ̀tún wá gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń pariwo, ó ń bẹ̀ wọ́n. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún náà kú pátápátá, kò sì lè gbé ẹsẹ̀ mọ́. Wọ́n ní Ẹ̀mí ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Miriam ọmọ wọn tó ti Àkúrẹ́ dé. Ní gbogbo ìgbà tó ń pè, ohun tí wọ́n ń sọ fún un ni pé bàbá rẹ̀ wà nínú ẹ̀mí.

"Dádì, ta ni mí?" ó bi í. Bàbá rẹ̀ wò ó, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Mummy, Dádì ò ríran o! Rọpárọsẹ̀ ni! Ṣé ẹ ò rí bí ẹnu wọn ṣe wọ́ ni?"

Ọjọ́ náà gan-an ni Miriam gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tó wò ó kò pariwo mọ́ wọn, ì bá sì sàn kó pariwo. Ó ní, "Ká ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lẹ gbé wọn wá ni. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ti lọ yìí, mi ò lè ṣèlérí pé wọ́n á padà." Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Wòlíì Olúsànyà wá kí wọn nílé. Ó jókòó, kò gbórí sókè, kò sì gbàdúrà sókè títí ó fi lọ.

Báyìí, ẹlòmíràn ló ń kọ́ kíláàsì rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, Títílọpẹ́ á jókòó tì í, á gbé ṣíbí sókè, á ní, "Kí nìyí, Bàbá Miriam?" Tíṣà á wò ó, á wo ṣíbí. "Òun ni," á wí. Obìnrin náà á wá fọwọ́ sí àyà ara rẹ̀: "Èmi ńkọ́? Orúkọ mi dà?"

"Ìwọ," á wí. "Ìwọ ni."

Ní àná, Tíṣà na ọwọ́ òsì sí i, ìyàwó rẹ̀ sì mọ ohun tó ń fẹ́. Ó bá a wá ṣọ́ọ̀kì. Tíṣà fara balẹ̀ yà á sórí tábìlì, ìlà kan lóòró, ìkan níbùú, ó sì na ọwọ́ sójú títì.

"Ó yé mi," ni Títílọpẹ́ wí. Ó di ọwọ́ náà mú, ó ń sunkún. "Ó ti yé mi, olówó orí mi."

Tíṣà fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó sì tún un yà.