Ẹsẹ̀ Mọ́tò Gàníyù

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ẹ̀pẹ́, òórùn ẹja yíyan kì í kúrò lára aṣọ iléèwé mi, bó ti wù kí ìyá mi fọ̀ ọ́ tó. Ọjà Olúwo ló ti ń ta ẹja. Bí mo bá ti dé láti iléèwé, èmi ni mo ń pọnmi, èmi ni mo ń ha ìpẹ́ ẹja, èmi náà ni mo sì ń jókòó ti Gàníyù, àbúrò mi. Ìkọ́kọrẹ́ kì í jinná kí n tó sùn lọ lórí àpótí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà létí ọ̀sà mọ ohun tí mò ń sọ.

Gàníyù kì í sáré. Àìsàn tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n bí mọ́ ọn. Bí òtútù bá mú un, tàbí tó bá ṣeré jù, eegun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, á sì dùbúlẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó fi pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó ti ń tiro lẹ́sẹ̀ òsì. Bí a bá ń gbá bọ́ọ̀lù, a ó gbé e sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, a ó ní òun ni rẹfirí. Rẹfirí tí kò lè dìde, ta ní máa gbọ́ fèrè rẹ̀?

Lásìkò Iléyá kan, àbúrò ìyá mi tó ń ta ẹrù tókunbọ̀ lẹ́bàá títì ní Benson, ní Ìkòròdú, mú mọ́tò onírìmóòtù kan wá fún un. Mọ́tò pupa ni. Gàníyù á jókòó sórí àga rẹ̀, á tẹ rìmóòtù, mọ́tò á sì máa sáré yí àgbàlá ká, gbogbo wa á máa lé e. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tí òun ń sáré tí ọwọ́ wa ò sì tó o. Ìyá mi wọ yàrá lọ, ó lọ sunkún. Mo rí i.

Àbùkù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹsẹ̀ mọ́tò náà funfun. Ẹ sì mọ ẹnu àwọn ọmọ àdúgbò. Wọ́n ní mọ́tò wọ sọ́kìsì, ó ń lọ iléèwé. Èmi pàápàá bá wọn rẹ́rìn-ín, ìyẹn sì dùn mí títí dòní. Gàníyù gbé mọ́tò padà sínú páálí, ó ní òun ò fi ṣeré mọ́ àfi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dúdú.

Mo mọ ibi tí dúdú wà. Bàbá wa àgbà ló ń rẹ àwọ̀n láró fún àwọn apẹja. Nígbà náà, funfun ni okùn ọ̀rá tí wọ́n fi ń hun àwọ̀n, ẹja á rí i lókèèrè, á yà fún un. Bàbá á gbé aró kaná nínú ìkòkò irin. Tó bá ti hó, á sọ ọ́ kalẹ̀ kí ó tó kó àwọ̀n sí i. Ojoojúmọ́ ló ń sọ fún wa pé, “Aró là ń gbé kaná, a kì í gbé àwọ̀n kaná.” Ooru líle máa ń fa ọ̀rá lọ́, ọ̀rá náà ni wọ́n sì fi ṣe ẹsẹ̀ mọ́tò Gàníyù.

Bàbá ní kí n dúró kí òun kírun Alásárì dé, òun á bá wa rẹ ẹsẹ̀ mọ́tò náà. N kò lè dúró. Mo fẹ́ san ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀rín tí mo rín. Gàníyù ní, “Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká dúró de Bàbá.” Mo yọ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo kó wọn sínú aró tí Bàbá ti sọ̀ kalẹ̀, tó ti ń tutù. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo yọ ọ̀kan wò, àwọ̀ eérú ni. Ni mo bá gbé ìkòkò padà sórí ààrò, mo koná mọ́ ọn.

Wọ́n dúdú kirikiri lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó rì dé ìdí ìkòkò ti lọ́. Mo bú sẹ́kún. Gàníyù gba ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi í sí apá òsì. Ó tẹ rìmóòtù. Mọ́tò náà ń tiro.

“Ẹ má sunkún mọ́, Àǹtí mi,” ó ní. “Ó ń tiro, ṣùgbọ́n ó ń lọ.”

Bàbá kò nà mí. Ó ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ó wá ní kí n kúnlẹ̀ ti ìkòkò náà, kí n nawọ́ sókè títí di Màgàríbì. Gàníyù ń fi mọ́tò rẹ̀ yí mi ká kí n má bàa dá wà. Àbúrò ìyá mi fẹ́ wá ẹsẹ̀ mìíràn fún un ní Benson, Gàníyù kọ̀. Títí ó fi kú lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, n kò bẹ̀ ẹ́ nítorí ẹ̀rín tí mo rín. Mo rò pé àyè ṣì wà.

Ayé ti yí padà. Àwọn tó fẹ́ fẹ́ra ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó lọ jìnnà, àwọn tó ní àìsàn Gàníyù sì ń dàgbà, wọ́n ń bímọ. Láti ọjà ni àwọ̀n ti ń dúdú wá, kò sẹ́ni tó ń gbé aró kaná mọ́. Inú fóònù ni mọ́tò àwọn ọmọ wa ti ń sáré, wọn kì í sì í lé e.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nílé mi ní Ìkòròdú, àbíkẹ́yìn mi rí mọ́tò pupa náà nínú àpótí mi, ó ra bátìrì sí i. Ó ní, “Mọ́mì, ó ń tiro o. Ẹ jẹ́ ká ra ẹsẹ̀ tuntun fún un.”

Mo ní, “Fi í sílẹ̀. Ó ń tiro, ṣùgbọ́n ó ń lọ.”

Mo dìde lórí àga, mo ká ìró mi sókè, mo sì ń lé e yí pálọ̀ ká.