Ògiri Tí Àna Mi Rẹ́

Mo rántí ìró ògiri yẹn ju bí mo ṣe rántí ojú onílé lọ. Kì, kì, kì ló ń dún bí mo ṣe ń fi ìka kàn án láti ẹnu ọ̀nà, àfi ìgbà tí mo dé apá tó kọjú sí fèrèsé, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí agbè òfìfo. Mo tún un kàn. Agbè náà ni. Òógùn bò mí nínú ọyẹ́.

Ní Garki ni, láyé ìgbà tí Àbújá ṣì jẹ́ eruku pupa àti ariwo kátapílà, tí gbogbo ẹni tó mọ òòlù í dì mú ń ti ìlú rẹ̀ wá síbẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wá ní tèmi. Káfíńtà ni mí, mo sì gbà pé kò sí irú mi. Bí mo bá fi pẹ́ńsù há etí, n kì í yọ ọ́ bí mo bá ń lọ kírun Jímọ̀ pàápàá. Onílé fẹ́ kí n fi igi ọ̀ṣọ́ yí ògiri pálọ̀ rẹ̀ ká, àwọn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo fi ọnà sí létí, tí màá kàn mọ́ ògiri ní onígun mẹ́rin mẹ́rin bíi férémù àwòrán. Ọjọ́ Sátidé ló fẹ́ kó wọlé. Fóòmàn tó ń darí iṣẹ́ wa sì ti sọ pé ẹni tó bá fi iṣẹ́ òun falẹ̀, kó má wulẹ̀ padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ìyẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹni tó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri yẹn ni bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya. Bíríkìlà àgbà ni, ará Kàbà, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo ti lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní òun ṣì ń wò mí. Ọmọ rẹ̀ sì ti sọ fún mi pé bí bàbá òun bá kọ̀, òun ò ní bá mi sá lọ síbì kankan.

Mo kan ìṣó kan wò. Kò tíì wọlé dáadáa tí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan fi sáré gba ara ògiri lọ sókè, tí eruku sìmẹ́ǹtì dà sí mi lẹ́sẹ̀. Mo fa ìṣó yọ. Bí mo bá sọ fún fóòmàn, yóò lé àgbàlagbà yẹn lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Bí mo bá lọ bá a pé ògiri rẹ̀ ò dára, ta ni mo jẹ́? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ká má tíì wá sọ ti ilé àna tí kò tíì fún ni níyàwó. Gọ́ọ̀mù wà. Gọ́ọ̀mù á mú igi mọ́ ògiri, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀ títí Sátidé á fi kọjá. Àmọ́ kò lè mú sìmẹ́ǹtì ara ògiri mọ́ búlọ́ọ̀kù, mo sì ti rí àwọn ọmọ onílé tí wọ́n ń fò kiri nínú pálọ̀ yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n wá wo ilé. Ìgbà tó bá já, orí wọn ló máa já lé.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo ronú títí, mo wá gbà pé mo ti rí ọgbọ́n tí ẹnì kan ò rí rí. Mo lọ bá bàbá lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń rẹ́ fẹ́ǹsì, mo dọ̀bálẹ̀ sínú yanrìn.

“Bàbá,” mo ní, “ìṣó mi ò mọ ojú ògiri pálọ̀ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fi ibi tí mo lè kàn án sí hàn mí.”

Ó nu irin tó fi ń rẹ́lé, ó tẹ̀lé mi wọlé, ó sì ń fi èèkù irin náà kan ògiri lọ láti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó dé ibi agbè, ó dúró, kò wẹ̀yìn.

“Fóòmàn ti gbọ́?”

“Rárá, bàbá.”

“Ìwọ ńkọ́? Ìwọ náà ò gbọ́?”

Ọgbọ́n mi tán. “Mo gbọ́, bàbá.”

Ó ní kí n gbé òòlù ńlá wá. Kí n má purọ́, bí mo ṣe ń fi lé e lọ́wọ́ ni mò ń wo ẹnu ọ̀nà tí màá sá gbà bó bá jẹ́ èmi ló fẹ́ lù. Ògiri ló kọjú sí. Ó lù ú, gbogbo ibẹ̀ sì ya lulẹ̀, búlọ́ọ̀kù ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ háú. Tánkà omi kò wá lọ́sẹ̀ tó rẹ́ ibẹ̀, fóòmàn sì ní kó máa rẹ́ ẹ lọ bẹ́ẹ̀; búlọ́ọ̀kù tí kò rí omi mu ti fa gbogbo omi inú sìmẹ́ǹtì, kò sì jẹ́ kó lẹ̀.

Fóòmàn sáré wọlé. “Kai, ta ló ba iṣẹ́ mi jẹ́?” Èmi ló ń wò. Kí n tó la ẹnu, bàbá ti dáhùn.

“Èmi ni mo rẹ́ ẹ láìfi omi rin ín. Èmi náà ni mo wó o.”

Kò dárúkọ tánkà, kò dárúkọ mi. Fóòmàn sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni ń bá ọmọdé wí, ó sì dùn mí wọra. Ó ní bí ògiri náà ò bá pé lọ́jọ́ Jímọ̀, kí àwa méjèèjì palẹ̀ ẹrù wa mọ́.

Láti ìgbà náà, bàbá ò bá mi sọ ju ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ. A lọ pọn omi lódò, a rin búlọ́ọ̀kù títí ó fi mu yó. Ó ní kí n gé èèkàn igi kéékèèké, kí n gbá wọn sí àárín búlọ́ọ̀kù níbi tí igi ọ̀ṣọ́ máa gbà kọjá. Ó wá rẹ́ ògiri yí wọn ká, kí ìṣó mi lè rí igi jẹ. Mò ń ṣiṣẹ́ lọ. Mo ti gbà pé mo ti fi ẹnu ara mi ta ìyàwó nù. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo kan igi tó kẹ́yìn. Ògiri ò sán. Bàbá fi èèkù kàn án yí pálọ̀ ká. Kì, kì, kì. Ó gbé irin rẹ̀ sínú àpò.

“Sọ fún àwọn bàbá rẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́,” ó ní, “kí wọ́n máa bọ̀.”

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń yangàn pé ọgbọ́n tí mo fi bi í léèrè ló fún mi níyàwó. Nígbà tó wá wà lórí àìsàn ìkẹyìn, tí èmi nìkan jókòó tì í, mo rán an létí, mo ń rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti gbọ́ ìró ògiri yẹn kí n tó gbọ́ ọ, ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀.

“Ká ní o dákẹ́ ni,” ó ní, “èmi náà ì bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n n kì bá tí fún ẹ lọ́mọ mi.”

Durumi là ń gbé báyìí, ewú ti bo orí èmi náà. Ilé tí mo bá wọ̀ ní Àbújá yìí, n kì í pẹ́ jókòó kí ìka mi tó dé ara ògiri. Ìyàwó mi á fà mí láṣọ pé kí n jọ̀ọ́, ilé onílé ni. Bí mo bá gbọ́ agbè, mo máa ń sọ fún onílé. Ọ̀pọ̀ wọn kì í dúpẹ́.