Wọ́n Ní Ta Ni Kí Àwọn Pè: Ọjọ́ Tí Mo Gun Kẹ̀kẹ́ Lọ Sí Adágún Orí Òkè

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Ọwọ́ òsì nìkan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, nítorí P.O.P. ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí ẹ bá rí àṣìtẹ̀, ẹ forí jì mí!

Fún àwọn tí kò mọ̀ mí dáadáa: Bísọ́lá lorúkọ mi, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Morris Heights ní Bronx ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe. Èmi nìkan ni mo tọ́ ọmọ mi, Dámilọ́lá, dàgbà. Lọ́dún tó kọjá ló lọ sí yunifásítì ní Ohio. Mo jó, mo ya fọ́tò, mo sunkún díẹ̀ ní airport, mo padà sílé.

Ẹ̀yin òbí, ṣé wọ́n sọ fún yín bí ilé ṣe máa ń rí lẹ́yìn náà? Wọn ò sọ fún èmi o! Mo ṣílẹ̀kùn, mo ti pe orúkọ rẹ̀ kí n tó rántí. Fíríìjì nìkan ló dá mi lóhùn.

Láti Monday dé Friday, iṣẹ́ ò jẹ́ kí n rántí ara mi. Saturday ni wàhálà. Màá fọ aṣọ, màá se ọbẹ̀ tó pọ̀ jù fún ẹnì kan, màá pe Dámilọ́lá, á ní òun wà ní library, òun á pè mí padà. Ká sọ òótọ́, ọmọ dáadáa ni. Ó kàn ń gbé ìgbé ayé rẹ̀ ni. Ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Mò ń lọ. Ẹ kú ìsinmi, ẹ kú ìsinmi, a túká.

Báyìí ni kẹ̀kẹ́ ṣe wọ ọ̀rọ̀ mi. Ọkùnrin kan níbi iṣẹ́ wa ń kó lọ sí Florida, ó sì fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Kẹ̀kẹ́ eré ni, táyà rẹ̀ tín-ín-rín, ọwọ́ rẹ̀ ká bí ìwo àgbò. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo nawọ́!

Mo mọ kẹ̀kẹ́ gùn láti kékeré, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, díẹ̀ ló kù kí n kọlu ọkùnrin tó ń ta máńgò ní Grand Concourse. Mo ra ṣòkòtò àwọn oníkẹ̀kẹ́, èyí tó lẹ̀ mọ́ ara títí... ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀! Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ mi le. Mò ń gùn ún lẹ́bàá odò Hudson, nígbà tó yá mò ń gba orí afárá kọjá sí New Jersey. Bí mo bá ti wà lórí kẹ̀kẹ́, n kì í rántí bí ilé mi ṣe dákẹ́ tó.

Mo wá kà nípa ọ̀nà kan lórí òkè, lápá Bear Mountain, tó gba ẹ̀gbẹ́ àwọn adágún kọjá nínú igbó. Seven Lakes Drive lorúkọ rẹ̀. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń yìn ín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń yin ìyàwó tuntun. Mo ní èmi náà á débẹ̀ kí òtútù tó dé.

Saturday kan ní October, mo gbé kẹ̀kẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Morris Heights, mo sọ̀ ní Peekskill. Ta ni mo sọ fún? Kò sẹ́nì kankan. Kì í ṣe pé mo fi pa mọ́ o. Kò kàn sẹ́ni tó bi mí ni.

Ọ̀nà yẹn! Ó kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpáta, odò wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, mọ́tò ń kọjá létí mi bí ẹni pé wọ́n fẹ́ já helmet gbà lórí mi. Gbogbo kọ́nà ni mo fi gbàdúrà. Mo kọjá afárá ńlá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Òkè yẹn ò mojú ẹnikẹ́ni! Mo sọ jíà kalẹ̀ títí kò fi síbi tí mo lè sọ ọ́ sí mọ́. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ti kẹ̀kẹ́, mo tún gùn ún.

Àwọn oníkẹ̀kẹ́ mìíràn ń kọjá, mẹ́fà mẹ́fà, mẹ́jọ mẹ́jọ, wọ́n ń bá ara wọn tàkúrọ̀sọ. "On your left!" (pé àwọn fẹ́ gba apá òsì mi kọjá) ni gbogbo ohun tí wọ́n bá mi sọ. Màá kí wọn káàárọ̀, kí n tó kí wọn tán, wọ́n ti wọ kọ́nà. Obìnrin kan ṣáà juwọ́ sí mi. Inú mi dùn débi pé ojú ara mi tì mí.

Nígbà tí mo dé Lake Tiorati, mo dúró. Ẹ̀yin èèyàn mi, n ò mọ bí n ṣe máa sọ ọ́. Omi náà tẹ́ pẹrẹsẹ, kò mira. Ewé igi ti pọ́n, òmíràn rẹ̀ dòdò, òmíràn pupa bí epo, gbogbo rẹ̀ sì tún wà nínú omi lẹ́ẹ̀kejì. Ibẹ̀ pa lọ́lọ́ débi pé mò ń gbọ́ èémí ara mi.

Mo jókòó sórí àpáta, mo jẹ búrẹ́dì àti ẹyin tí mo dì dání. Tọkọtaya kan wà lápá ọ̀tún mi. Lápá òsì, bàbá kan ń ju ọmọ rẹ̀ sókè, ó ń hán an, ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Mo ya fọ́tò adágún. Mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Dámilọ́lá, kò sí nẹ́tíwọ́kì. Mo wá ń wo àwọn orúkọ yòókù nínú fóònù, pé ta ni màá tún fi ránṣẹ́ sí bí nẹ́tíwọ́kì bá dé. Mo wò ó títí. Mo ti fóònù bọ àpò.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ohun tó dára máa ń dunni, bí kò bá sẹ́ni tá a máa fi hàn? Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀.

Mo gbéra. Òjò ti kọ́kọ́ rọ̀ níbẹ̀, títì ṣì tutù. Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í dà gẹ̀rẹ́ lẹ́yìn adágún, kẹ̀kẹ́ ń sáré, atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi létí, mo tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ewé tútù ló bo kọ́nà tó wà níwájú. Ẹ̀rù bà mí, mo fún bíréèkì pọ̀. Ohun tí kò yẹ kí n ṣe nìyẹn! Táyà iwájú yọ̀ tẹ̀rẹ́.

Inú kòtò ẹ̀gbẹ́ títì ni mo bá ara mi, ewé lẹ́nu mi. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi ti tẹ̀ síbi tí ọwọ́ kì í tẹ̀ sí. Mo ké, "Yéè! Ẹ gbà mí o!" Ta ni mò ń pè? Ẹyẹ nìkan ló fò. Mọ́tò méjì kọjá, wọn ò rí mi. Nẹ́tíwọ́kì ò sì sí. Ó pẹ́ débi pé òtútù wọ inú eegun mi. Mo ní bí n bá kú síbí, ó di Monday kí wọ́n tó mọ̀, níbi iṣẹ́, nígbà tí n ò bá yọjú. Wọ́n á tiẹ̀ kọ́kọ́ bínú pé mo pẹ́!

Níkẹyìn, ọ̀kan nínú àwọn olùṣọ́ igbó náà rí kẹ̀kẹ́ mi, ó dúró. Ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun ni, ohùn rẹ̀ tutù. Ó fi aṣọ bò mí, ó bá mi di ọwọ́, ó fi rédíò pe áńbúláǹsì. Ó wá mú bírò àti fọ́ọ̀mù. Orúkọ? Mo sọ. Ọjọ́ orí? Mo sọ. Ó ní ta ni kí àwọn pè fún mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn èèyàn mi lọ́kàn.

Dámilọ́lá? Ó jìnnà, ó wà lẹ́nu ìdánwò, ìbẹ̀rù á kàn pa á ni. Màmá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde? Ẹni ọgọ́rin ọdún! Pásítọ̀? N ò ní nọ́ńbà wọn. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti lò ní ìlú yìí o! Bóyá ọkùnrin náà rò pé mo forí gbá nǹkan, ó tún rọra bi mí: "Anybody, ma'am?" "Anybody" yẹn ló pa mí lẹ́kún. Kì í ṣe ọwọ́.

Ìgbà náà ni orúkọ kan sọ sí mi lọ́kàn: Alhaja Sìdíkà. Obìnrin Ìbàdàn ni wọ́n, yàrá 4C ni wọ́n ń gbé, lábẹ́ tèmi gan-an. A máa ń kíra lórí àtẹ̀gùn, ẹ kú iṣẹ́ mà, o káre, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà kan, àwọn tó ń pín ẹrù ṣèèṣì gbé ẹrù mi fún wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi ní nọ́ńbà wọn.

Nígbà tí áńbúláǹsì gbé mi débi tí nẹ́tíwọ́kì wà, àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ bá mi pè wọ́n. Alhaja gbọ́ ohùn òyìnbó tó ń béèrè orúkọ wọn, ni wọ́n bá fara ya: "I don't want! I don't buy!" Wọ́n já a! A tún pè. Mo pariwo, "Alhaja, ẹ má já a! Èmi ni o, Bísọ́lá, ti 5C!"

"Bísọ́lá? Kí ló ṣe ohùn rẹ?"

"Mo ṣubú, mà. Ọwọ́ mi ti dá. Bear Mountain ni mo wà, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ ni."

"Kẹ̀kẹ́! Lórí òkè! Ìwọ àti ta ni?"

"Èmi nìkan, mà."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Fún ẹni yẹn ní fóònù, kó sọ orúkọ ọsibítù fún mi. Àbúrò mi ní mọ́tò. A ti ń bọ̀."

Dókítà ti to eegun mi tán kí wọ́n tó dé. Sálúbàtà inú ilé ló wà lẹ́sẹ̀ wọn nínú òtútù yẹn, fúláàsìkì tíì lọ́wọ́ wọn. Láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà! Ṣé mo ya wèrè ni? Ṣé mo fẹ́ sọ ọmọ tí mo rán lọ síléèwé di ọmọ òrukàn ni? Nọ́ọ̀sì bi wọ́n bóyá ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò tiẹ̀ rò ó. Wọ́n bu tíì, wọ́n gbé e sí mi lẹ́nu.

Mùkáílà, àbúrò wọn tó ń wa táksí, ló gbé wa padà. Lójú ọ̀nà, mò ń dúpẹ́, mò ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú, pé a ò tiẹ̀ mọra tó bẹ́ẹ̀.

"Èmi mọ̀ ẹ́," ni Alhaja wí. Wọn ò wojú mi. "Ẹsẹ̀ rẹ ni mo máa ń gbọ́ lórí àjà mi. Tí o bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá gbọ́ tí o ń bọ́ bàtà. Ọ̀kan, èkejì. Màá wá sọ fún ara mi pé, ó ti dé, kí n dìde lọ kírun."



Wọ́n ní lọ́dún tó kọjá, nígbà tí àwọn fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú, wọ́n bi àwọn náà ní ìbéèrè yẹn ní ọsibítù. Texas ni àwọn ọmọ wọn méjèèjì wà, Mùkáílà ò sì tíì dé Amẹ́ríkà. "Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ pé kò sí. Ọmọbìnrin tó ń kọ fọ́ọ̀mù sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ojú mi ò dára, ṣùgbọ́n mo rí i."

Ẹ gbọ́ mi o! Nígbà tí wọ́n ń lọ fún iṣẹ́ abẹ yẹn, mo wà lókè níbẹ̀, mò ń jẹ ọbẹ̀ tó ṣẹ́ kù, mò ń sunkún pé mi ò lẹ́nì kankan. Àjà kan ṣoṣo ló wà láàárín wa!

N ò ní parọ́ fún yín pé ọ̀rọ̀ ìdánìkanwà ti tán. Kò tán. Saturday ṣì gùn. Nígbà tí mo sọ fún Dámilọ́lá, ó sunkún, ó ní kí ló dé tí n ò pe òun. Mo ní n ò fẹ́ dà á láàmú. Ó ní, "Mummy, ìyẹn gan-an ló ń dà mí láàmú." Alhaja máa ń gòkè wá bá mi dirun, torí ọwọ́ kan ò lè dirun. Bí wọ́n bá lọ, ilé tún dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ẹni tó wà lábẹ́ mi.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí. Ẹ̀yin oníkẹ̀kẹ́, ẹ má fún bíréèkì lórí ewé tútù, ẹ má sì gbára lé fóònù nínú igbó yẹn. Ẹ sọ ọ̀nà tí ẹ ń gbà fún ẹnì kan kí ẹ tó jáde, kó tiẹ̀ jẹ́ ẹni tí ẹ ò mọ̀ ju ìkíni lọ. Àwa tá a wà lókè òkun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kanlẹ̀kùn ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lónìí, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ bá wà nínú kòtò.

Ẹ̀yin ńkọ́? Bí wọ́n bá bi yín, ta lẹ máa ní kí wọ́n pè? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Bí kò bá sí orúkọ tó wá sí yín lọ́kàn, ẹ kọ ìyẹn náà, ẹ má tijú. Màá kà á, màá sì dá yín lóhùn.