Bẹ́líìtì Tí Ìbíyínká Kò Lè Tú

Ẹ wò ó, kò sí ohun tó burú nínú bẹ́líìtì ikùn. Nọ́ọ̀sì Hanifah ló fún Ìbíyínká ní ọ̀kan ní ọsibítù Ìkàrẹ́, lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n là á láti gbé ọmọ jáde, ó sì ṣàlàyé yékéyéké. “Bí o bá fẹ́ dìde, bí o bá fẹ́ rìn, dè é, kó bá ẹ gbé ikùn ró. Bí o bá dùbúlẹ̀, tú u. Má fún un jù. Jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sójú ọgbẹ́. Bó bá ń rùn, bí ara rẹ bá ń gbóná, sáré padà wá.” Ìbíyínká ní òun ti gbọ́. Ó sì gbọ́ lóòótọ́. Ibi tó ti máa tú u ni kò sí.

Irọ́ ló ti ṣáájú rẹ̀ délé, sí Ọ̀kà. Ọdún mẹ́fà ni òun àti Zachariah ọkọ rẹ̀ fi wá ọmọ. Nígbà tí oyún dúró, ìyá Zachariah, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, bọ́ sínú ààwẹ̀. Àdúrà kan ṣoṣo ló ń gbà: “Ìyàwó mi á bí wẹ́rẹ́, bí obìnrin Hébérù!” Èèyàn dáadáa ni màmá yìí, kí n má purọ́ mọ́ wọn, àmọ́ ẹnu wọn kò ní ìlẹ̀kùn. Nígbà tí Mọ́júbọ́lá, aládùúgbò wọn, bímọ nípasẹ̀ iṣẹ́ abẹ, Màmá yọ ṣùtì: “Ẹni tí wọ́n yọ ọmọ fún, ṣé ìyẹn náà bímọ ni?” Ìbíyínká jókòó síbẹ̀, oyún oṣù méje níkùn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ọmọ wá dábùú, dókítà ní àfi abẹ. Màmá wà ní Ìṣùà fún ìpàdé àwọn ìyá. Kí wọ́n tó gbé Ìbíyínká wọlé, ó di aṣọ ọkọ rẹ̀ mú. “Ẹ má sọ fún Màmá. Mo bẹ̀ yín. Bí wọ́n bá mọ̀, mo gbé.” Zachariah lè fi apá kan gbé ẹ́ńjìnnì mọ́tò, àmọ́ kò lè wo ojú ìyá rẹ̀. Ó tẹ̀ wọ́n láago: “Ó ti bí o! Wẹ́rẹ́ ni!” Lọ́jọ́ ìsinmi, Màmá ti jẹ́rìí níwájú ìjọ. Ó parí.

Màmá wá tọ́jú ìyá ọmọ, bí ìyá ọkọ ṣe ń ṣe. Inú yàrá kan náà ni wọ́n tẹ́ ẹní sí. Ta ló fẹ́ tú bẹ́líìtì lójú wọn? Ohun náà kì í sì í tú jẹ́jẹ́; fààà ló ń dún, bí ẹni fa aṣọ ya. Ìbíyínká ń dè é sùn, ó ń dè é jí. Bó bá wọ balùwẹ̀, á húkọ́ kí ìró náà má baà jáde, ikọ́ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ikùn rẹ̀ sí méjì. Màmá ń gbé omi gbígbóná wá láti fi tẹ ikùn fún un, Ìbíyínká á ní òun á tẹ̀ ẹ́ fúnra òun. Á ti ilẹ̀kùn, á da omi sílẹ̀, á wá máa sunkún.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Màmá ń bá a ró ìró, ọwọ́ wọn kan nǹkan.

“Kí lo dè mọ́ ikùn?”

“Ọ̀já ìgbàlódé ni, Màmá. Kí ikùn má baà yọ.”

“Ọ̀já wo ló dẹ̀ báyìí? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí! Wá, kí n bá ẹ fún un.”

Wọ́n fi orúnkún ti ìdí rẹ̀, wọ́n fà á. Yéè! Ojú Ìbíyínká ṣú. Ó gé ètè jẹ, ó ní, “Ẹ ṣé, Màmá.” Ẹ gbọ́ o, ó tún dúpẹ́! Ó sì jó lọ́jọ́ náà, nígbà tí wọ́n sọ ọmọ ní Fúnminíyì.

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹ dárí jì mí, àwọn tó ń sọ ọ́ kò tíì gbóòórùn ọgbẹ́ ara wọn rí. Lọ́jọ́ kẹwàá, Ìbíyínká gbóòórùn tirẹ̀. Ó sọ fún Zachariah wúyẹ́wúyẹ́: “Ṣé ká padà sí Ìkàrẹ́?” Zachariah wolẹ̀. “Kí la máa sọ fún Màmá?” Họ̀wù! Ọkùnrin rèé! Ìbíyínká bu páúdà ọmọ sójú ọgbẹ́, ó tún bẹ́líìtì dè. Màmá ń fimú fínlẹ̀ kiri yàrá. Ìwọ́ ọmọ ni wọ́n rò pé ó ń rùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, òtútù mú un nínú oòrùn, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ó wo ọmọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ta ló máa tọ́ eléyìí? Ó lanu láti pe Màmá, ó rántí ẹ̀rí tí wọ́n jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó fa aṣọ bora. Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n mọ̀, má sì jẹ̀ẹ́ kí n kú. Àdúrà méjèèjì kò lè gbà pọ̀, òun náà sì mọ̀. Ó dìde láti lọ sí balùwẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀ gbì.

Màmá sáré dé. Wọ́n tú ìró rẹ̀ kí ó lè mí. Wọ́n fa bẹ́líìtì. Fààà. Báńdéèjì bá a jáde, ojú abẹ hàn, ó ń ṣọyún. Màmá kúnlẹ̀ tì í. Wọ́n wo ojú abẹ, wọ́n wo ọwọ́ ara wọn, ọwọ́ tí wọ́n fi fún bẹ́líìtì náà.

“Ìbíyínká, nítorí ẹnu mi lo ṣe fẹ́ kú?”

“Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ má sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

Ìgbà yẹn ni Màmá tó figbe ta. “Raheem o! Gbé mọ́tò wá!”

Zachariah wà níbi iṣẹ́; Raheem, aládùúgbò tó ń ná ọ̀nà Ìkàrẹ́, ló gbé wọn. Ẹni tó bá mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ọ̀kà mọ bí mọ́tò ṣe ń jù níbẹ̀. Màmá gbé ọmọ sí apá kan, wọ́n gbé orí ìyá ọmọ lé itan, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ikùn rẹ̀ ró títí wọ́n fi dé.

Nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá lẹ́nu iṣẹ́ kò mọ̀ wọ́n. “Báwo ló ṣe bímọ?”

Ìbíyínká lajú díẹ̀. Ó wo Màmá. “Mo bí wẹ́...”

Màmá fọwọ́ bò ó lẹ́nu. “Wọ́n là á ni,” ni wọ́n wí, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ẹni tó jókòó sì gbọ́. “Wọ́n là á, ó sì bímọ. Òun ló bí i. Ẹ gbà mí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó kú.”

Wọ́n ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn wọlé, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Fúnminíyì ń ké fún ọmú, Màmá kò sì ní nǹkan kan tí wọ́n lè fún un.