Ihò Tí Mo Dá Sára Ilé Òròmọdìyẹ Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi ò tíì tóbi tó báyìí, kò sóhun tí mo bẹ̀rù tó iná. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lápá Ìrókò á rántí bí ọyẹ́ ṣe máa ń mú nígbà náà, tí ètè á là, tí gbogbo ọmọdé á kóra jọ sídìí ààrò láti yáná. Èmi ò jẹ́ sún mọ́ ọn. Ẹ̀yín iná kan ló ta sí mi láṣọ lọ́jọ́ kan. Ibi tó jó ò ju èékánná lọ, àmọ́ bí mo ṣe sáré yí agboolé ká, ẹ ó rò pé gbogbo ara mi ló ń jó. Látọjọ́ náà, bí wọ́n bá sun iṣu, ẹlòmíì ní í bá mi yọ tèmi. Màá wá nawọ́ gbà á láti òkèèrè bí ẹni ń gba nǹkan lọ́wọ́ ọlọ́pàá.

Ọdún yẹn gan-an, tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ni Bàbá mi ní àwọn fẹ́ sin adìyẹ àgíríìkì. Oko olóko ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà tí mo ti gbọ́njú. Wọ́n gba ilé ńlá kan tí bàbá tiwọn ń kó kòkó sí láyé ọjọ́un, alámọ̀ tí ògiri rẹ̀ nípọn. Wọ́n fi ọparun àti àpò ṣe àjà rẹ̀, wọ́n fi àpò àti ọ̀rá bo fèrèsé ní ìlọ́po méjì, wọ́n tún ki àkísà bọ abẹ́ ìlẹ̀kùn. Wọ́n ní bí atẹ́gùn bá fi lè ríbi wọlé, ọyẹ́ á pa àwọn ọmọ adìyẹ náà tán, àwọn á sì padà sí oko olóko. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n padà síbẹ̀ nínú ilé wa.

Irú iná tí a máa fi mú ilé náà gbóná ló wá di wàhálà. Kí àwọn adìyẹ tó dé, Bàbá kọ́kọ́ fi sítóòfù kẹrosíìnì dán an wò. Kí ọ̀sán tó pọ́n, imú gbogbo wa ti dúdú. Ìyá mi fi etí ìró wọn nu imú mi, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n rí han Bàbá.

“Bàbá Ràṣídì, ẹ wo imú ọmọ yín. Ṣé ẹ fẹ́ sin adìyẹ ni, àbí ẹ fẹ́ yan wọ́n?”

Bàbá so gílóòbù ńláńlá mọ́ àjà. Iná ìjọba wá fún ọjọ́ méjì, ó sì lọ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá ní iná yẹn dáa o, àfi pé kì í gbélé. Wọ́n wá gbé ìkòkò èédú tiwọn jáde, irú èyí tí wọ́n fi ń mú yàrá ìyá ọmọ tuntun gbóná. Ìta ni èédú á ti jó títí èéfín á fi tán lára rẹ̀, kí wọ́n tó gbé e wọlé, kí wọ́n sì fi páànù tí wọ́n lu ihò sí lára bò ó.

Ìyá ní, “Ẹ má wo iná, àwọn ọmọ adìyẹ ni kẹ́ ẹ máa wò. Bí wọ́n bá kóra jọ sídìí ìkòkò, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá lọ sídìí ògiri, ooru ti pọ̀. Bí wọ́n bá fọ́nká tí wọ́n ń jẹun, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.”

Orí ìkòkò èédú ni ẹnu wọn kò sí. Àwọn òròmọdìyẹ dé láti Ìbàdàn nínú páálí, wọ́n ń ké ṣíoṣío. Ta ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ wọn? Èmi ni, torí a ti gba ìsinmi iléèwé. Bí mo bá ti jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà tán láàárọ̀, ó di inú ilé náà. Ìkòkò iná mẹ́fà, ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo, èmi Ràṣídì láàárín wọn.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú abẹ, mo gé àpò ojú fèrèsé àti ọ̀rá ẹ̀yìn rẹ̀ níwọ̀n ibi tí orí mi lè gbà. Mo yọ orí síta, mo fi ìyókù ara mi sílẹ̀ kó máa ṣọ́ adìyẹ. Èrò mi ni pé bí ilé bá gbiná, orí á ti kọ́kọ́ là ná. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí Bàbá tó dé lójijì, tí wọ́n bá orí lára ògiri.

“Ràṣídì, kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?”

“Mò ń ṣọ́ adìyẹ ni, sà.”

“Èwo nínú wọn ló wà níta?”

Mo kúnlẹ̀, mo ká ọwọ́ sókè títí apá mi fi ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó abẹ́rẹ́ àti òwú lé mi lọ́wọ́, mo sì rán ihò náà pa. Wọ́n tún lẹ ọ̀rá tuntun mọ́ ọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ adìyẹ dákẹ́. Wọn ò kóra jọ, wọn ò sì sá, ńṣe ni wọ́n ń tòògbé, tí ìyẹ́ wọn rọ̀ sílẹ̀. Orí ń fọ́ èmi náà. Mo jókòó, mo sì ń rò ó pé ẹ̀rù ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí, mo bá pinnu láti ṣe ọkùnrin. Ọlọ́run ló yọ mí tí Ìyá fi wọlé. Wọn ò rìn dé àárín ilé tí wọ́n fi di orí mú. Wọ́n wọ́ mi jáde, wọ́n padà wọlé, wọ́n fi ọwọ́ ya àpò tí mo rán. Atẹ́gùn wọlé, ó lé afẹ́fẹ́ èédú tí kò ṣeé fojú rí jáde. Nígbà tó ṣe díẹ̀, àwọn adìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orí. Mẹ́ta ò gbé e mọ́.

Nígbà tí Bàbá dé, Ìyá ò pariwo. Wọ́n kàn gbé páálí àwọn adìyẹ náà síwájú Bàbá.

“Bàbá Ràṣídì, kí lẹ rí lára páálí yìí?”

Bàbá wò ó, wọ́n yí i po. “Ihò ni.”

“Ẹni tó tà wọ́n fún wa dá ihò sí i. Ọmọ yín náà dá ihò. Àwa méjèèjì tá a gbọ́n la dí i.”

Bàbá dìde. Wọ́n mú àdá, wọ́n sì dá ihò mẹ́ta mìíràn sára ògiri, lábẹ́ àjà. Wọ́n fi tèmi sílẹ̀ bó ṣe wà. Nígbà tí àwọn adìyẹ náà dàgbà tí wọ́n yé ẹyin àkọ́kọ́, Bàbá sè é, wọ́n bó o, wọ́n sì gbé e lé mi lọ́wọ́ lójú gbogbo agboolé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ta ló ń fún ọmọdé ní odidi ẹyin nígbà yẹn? Wọ́n ní olè ló máa ń sọ ọmọ dà. Mo jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n, kí gbogbo èèyàn lè rí i. Bàbá ò sì padà sí oko olóko mọ́ títí wọ́n fi kú.

Lónìí, Basírà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ti kọ́ ilé adìyẹ tirẹ̀ sórí ilẹ̀ yẹn kan náà. Búlọ́ọ̀kù ni, ó tóbi ju mọ́ṣáláṣí wa lọ, ó sì tẹ́ fóòmù sábẹ́ páànù òrùlé rẹ̀ yíká kí ooru má bàa sá jáde. Nígbà tó ń ro irú iná tó máa lò, bóyá èédú, bóyá iná tí oòrùn ń gbé wá, bóyá gáàsì, èmi tí mi ò kà kọjá ìwé mẹ́fà ló wá bi. Gáàsì la jọ fẹnu kò sí. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ tàn án, ó dún gbì, ẹnu ọ̀nà ni mo bá ara mi.

Basírà ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ò tíì yí padà.”

Láyé ìgbà náà, ìkòkò mẹ́fà àti ọmọdé kan ni. Lónìí, bọ́tìnnì ni wọ́n ń tẹ̀. Àmọ́ ihò wà lábẹ́ òrùlé Basírà yíká, ihò kan sì dá wà nísàlẹ̀, tó ga níwọ̀n ọmọ ọdún mẹ́jọ. Bíríkìlà tó kọ́lé náà béèrè lójú mi pé níbo ni wọ́n ti rí ìwọ̀n ìyẹn nínú pláànù.

Basírà nawọ́ sí mi. “Orí Bọ̀ọ̀dá mi ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.”

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ki orí bọ̀ ọ́ wò. Ó há níbi etí.